Ìdánwò Iyè fún Àwọn Àgbàlagbà: Àyẹ̀wò Èdè inú Àwọn Ìbéèrè Rẹ̀

Ìfáárà

Bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ń ṣe ìdánwò, ohun tí ó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ọmọ ilé-ìwé tí ó jókòó, tí ó mú kálàmù lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n irú ìdánwò kan wà tí ó jẹ́ pé àwọn arúgbó ni a ń ṣe é fún. Yàrá dókítà tàbí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ilé-ìwòsàn ni a ti ń ṣe é. Bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó ń gbà. Ohun tí a sì ń wá níbẹ̀ ni bóyá iyè àgbàlagbà náà ti ń ra. Àwọn oníṣègùn ni ó ni ìdánwò yìí, a kò sì fẹ́ bá wọn du iṣẹ́ wọn. Síbẹ̀, èdè ni a fi ń bi ìbéèrè, èdè ni a sì fi ń dá a lóhùn. Bí a bá ti túmọ̀ irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ sí èdè Yorùbá, ó ti di ọ̀rọ̀ tí ó kan àwa tí a ń kọ́ni ní èdè náà, gẹ́gẹ́ bí ìtumọ̀ ìwé àdúrà tàbí ti ìwé òfin ti kàn wá.

Èrò tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ọ̀kan lọ. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ inú ìdánwò náà láìwo ohun tí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan ń wọ̀n, ilé-ìwé ni a ó máa wọ̀n, a ó sì máa pè é ní iyè. Ewu tí ó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tí orí rẹ̀ pé lè di ẹni tí a ń pè ní aṣarán, kí àwọn ọmọ sì gba kọ́kọ́rọ́ àpótí rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí àrùn náà sì ti mú ní tòótọ́ lè lọ láìrí ìtọ́jú, títí àwọn aládùúgbò yóò fi máa wí pé àjẹ́ ni ó ń da ìyá láàmú tí ó fi ń rìn kiri lóru, tàbí pé ìyá gan-an ni àjẹ́.

Àwọn ìdánwò tí a ń sọ

Ìdánwò tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nínú irú èyí ni Mini-Mental State Examination, tí a ó máa pè ní MMSE láti ìhín lọ. Marshal Folstein, Susan Folstein àti Paul McHugh ni ó gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1975. Máàkì 30 ni gbogbo rẹ̀. Máàkì 10 wà fún mímọ ọjọ́ àti ibi tí ènìyàn wà. 3 wà fún pípe orúkọ ohun mẹ́ta tẹ̀lé olùbéèrè. 5 wà fún yíyọ 7 kúrò nínú 100 léraléra, tàbí fún pípe lẹ́tà ọ̀rọ̀ kan láti ẹ̀yìn wá sí iwájú. 3 wà fún rírántí ohun mẹ́ta ìṣáájú yẹn. 8 wà fún ìlò èdè. Ó sì ku 1 fún wíwo àwòrán kan yà. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kò bá tó 24 ni a sábà máa ń fura sí.

Kí MMSE tó dé, H. M. Hodkinson ti gbé ìdánwò oníbéèrè mẹ́wàá kan jáde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1972. Nínú rẹ̀ ni a ti ń béèrè ọdún tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀, àti orúkọ ẹni tí ó wà lórí ìtẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2005 ni Ziad Nasreddine àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Montreal Cognitive Assessment, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí MoCA, jáde ní Kánádà. Àwọn tí ó ṣe MoCA kò ṣàì mọ̀ pé ilé-ìwé ń gbe ènìyàn nínú irú ìdánwò yìí. Nítorí náà ni wọ́n fi ń fún ẹni tí kò lò ju ọdún 12 lọ ní ilé-ìwé ní máàkì kan lé e. Ṣùgbọ́n máàkì kan náà ni ẹni tí ó lo ọdún 12 àti ẹni tí kò tilẹ̀ wọ ilé-ìwé rí yóò gbà.

A kò wí pé àwọn ìdánwò wọ̀nyí kò wúlò. Wọn kò gba àkókò, wọn kò gba ẹ̀rọ, ẹni tí ó bá sì ṣe é lọ́dún yìí lè tún un ṣe lọ́dún tí ń bọ̀ kí a lè mọ̀ bóyá ó ń sàn tàbí ó ń burú sí i. Ibi tí wọ́n ti ṣe wọ́n, àwọn tí wọ́n ṣe wọ́n fún ti rí ìwé kà. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀.

Ìyá arúgbó kan

Ohun tí ó tì wá kọ àpilẹ̀kọ yìí ni pé a pè wá sí ilé-ìwòsàn kan láti wá bá wọn yẹ ìtumọ̀ Yorùbá ìdánwò irú èyí wò. Kí a tó yẹ ìwé wò, a bẹ̀bẹ̀ pé kí a kọ́kọ́ gbọ́ bí wọ́n ti ń lò ó. Ìyá kan ni ó jókòó níwájú nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, èlùbọ́ ni ó tà fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, kò sì wọ ilé-ìwé rí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó mú un wá, nítorí pé ó ti ṣi owó kà lẹ́ẹ̀mejì.

Nọ́ọ̀sì náà bọ̀wọ̀ fún un púpọ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà, ìgbà wo nínú ọdún ni a wà yìí?” Ìyá dáhùn pé, “Àsìkò iṣu titun ni, ọmọ mi.” Nọ́ọ̀sì wo ìwé rẹ̀. Ohun tí ó wà nínú ìwé ni ìgbà ìrúwé, ìgbà ooru, ìgbà ìwọ́wé àti ìgbà òtútù. Ó kọ òdo. Ó béèrè ọjọ́ kelòó oṣù. Ìyá ní òun kò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ọ̀túnla ni ọjọ́ ọjà àwọn. Òdo. Ó béèrè pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kelòó ni wọ́n wà. Ìyá rẹ́rìn-ín, ó ní, “Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wo? Ṣebí ilẹ̀ ni a wà yìí.” Òdo ni, bẹ́ẹ̀ ilé náà kò ní òkè kankan. Nígbà tí wọ́n ní kí ó tún gbólóhùn kan wí, èyí tí a tú ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó di “Kò sí bí, kò sí àti, kò sí ṣùgbọ́n”, ìyá wo ọmọ rẹ̀ lójú, ó ní, “Kí ni wọ́n ń wí?”

Máàkì 17 ni ìyá gbà nínú 30. Ẹ jẹ́ kí a ka 13 tí ó pàdánù ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà nínú ọdún, ọjọ́ oṣù àti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kó 3 lọ. Yíyọ 7 kúrò nínú 100 kó 5 lọ. Gbólóhùn àtúnwí kó 1. Ìwé kíkà kó 1, ìwé kíkọ kó 1, àwòrán yíyà kó 1. Nínú ohun mẹ́ta tí wọ́n ní kí ó rántí, ó gbàgbé ẹyọ kan ṣoṣo. Èyí já sí pé nínú máàkì 13 tí ó sọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ 24, ọ̀kan péré ni a lè fọwọ́ sọ̀yà pé ó kan rírántí. A kò wí pé kò sí ohun tí ó ṣe ìyá náà. Ọmọ rẹ̀ kò ṣàdédé mú un wá. Ohun tí a ń wí ni pé ìwé tí wọ́n kọ 17 sí kò lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àkókò àti ibi

Ìbéèrè nípa àkókò dára, nítorí pé ẹni tí iyè rẹ̀ ń ra kì í sábà mọ ibi tí ọjọ́ dé. Ṣùgbọ́n àkókò wo? Ọdún Yorùbá kò pín sí mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ni a mọ̀, àwọn àgbẹ̀ àti oníṣòwò oúnjẹ sì tún ń fi ohun tí ó jáde láti inú oko pín in sí wẹ́wẹ́. Ẹni tí ó wí pé àsìkò iṣu titun ni a wà ti fi hàn pé òun mọ ibi tí ọdún dé ju ẹni tí ó há orúkọ ìgbà mẹ́rin tí kò sí ní ilẹ̀ wa sórí lọ.

Bákan náà ni ọ̀rọ̀ ọjọ́. Ọ̀sẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́rin ni àwọn baba wa ń lò, òun náà ni a sì ń pè ní ọrún, nítorí pé a máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọjà ìlú àti ti abúlé ṣì ń tẹ̀lé e títí di òní. Láti mọ̀ pé ọ̀túnla ni ọjà, ènìyàn gbọ́dọ̀ mọ ọjọ́ tí ọjà ná kẹ́yìn, kí ó sì ti máa ka ọjọ́ bọ̀ láti ìgbà náà. Iṣẹ́ iyè gan-an ni èyí. Kí ni ó dé tí a kò lè fún un ní máàkì?

Ní ti ìtàn, ìbéèrè Hodkinson nípa Ogun Àgbáyé Kìíní àti ọba Gẹ̀ẹ́sì tọ́ fún ẹni tí ó dàgbà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tí ó dàgbà ní ilẹ̀ Yorùbá ní ohun tirẹ̀ tí kò yẹ kí ó gbàgbé: òmìnira ọdún 1960, tàbí ọdún 1973 tí a pa owó pọ́n-ùn àti sílè tì, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Púpọ̀ nínú àwọn arúgbó tí kò ní ìwé ọjọ́ ìbí ni ó jẹ́ pé irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ka ọjọ́ orí wọn. Bí a bá béèrè ọjọ́ ìbí, tí ìyá kan sì dáhùn pé òun ti ń kiri ọjà nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth wá sí Nàìjíríà, ó ti dáhùn. Ó kù sí ọwọ́ olùbéèrè láti mọ̀ pé ọdún 1956 ni.

Ìṣirò

Ẹ jẹ́ kí a wá wo yíyọ 7 kúrò nínú 100. Ìdáhùn márùn-ún tí a ń retí ni 93, 86, 79, 72 àti 65. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìyọkúrò nìkan ni iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀. Pípe orúkọ ìdáhùn kò ní wàhálà. Ní èdè Yorùbá, 93 ni mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, 86 ni mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, 79 ni mọ́kàndínlọ́gọ́rin, 72 ni méjìléláàádọ́rin, 65 sì ni márùndínláàádọ́rin. Gbogbo wa tí a ń kọ́ ọmọ ní òǹkà mọ ohun tí ó wà nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí. Ọgọ́rùn-ún jẹ́ ogún ní ọ̀nà márùn-ún. Àádọ́rùn-ún jẹ́ ọgọ́rùn-ún ó dín mẹ́wàá. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún sì tún dín mẹ́rin sí i. Ẹni tí ó yọ 7 kúrò nínú 93 gbọ́dọ̀ tún yan bóyá kí òun gba ọ̀nà “lé” tàbí ọ̀nà “dín” kí ó tó lè la ẹnu. Ìṣirò wà nínú ìbéèrè, ìṣirò mìíràn sì tún wà nínú ìdáhùn. Nítorí náà, ìbéèrè Yorùbá kì í ṣe ẹ̀dà ìbéèrè Gẹ̀ẹ́sì. Ó le jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ máàkì 5 kan náà ni a so mọ́ ọn.

Ẹ má ṣe ṣì wá gbọ́. A kò wí pé Yorùbá kò mọ ìṣirò. Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ta ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí a bá bi í pé èlùbọ́ ₦700 ni ẹnì kan rà, tí ó mú ₦1,000 wá, pé èló ni ṣéńjì, a ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bóyá iyè rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nítorí owó tí ó ṣì kà gan-an ni wọ́n sì ṣe mú un wá. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀dùn rẹ̀ ni ìdánwò náà kò béèrè.

Ọ̀rọ̀, ohùn àti àkọtọ́

Ní MoCA, a ń ní kí ènìyàn dárúkọ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó bá mọ̀ tí ó fi lẹ́tà F bẹ̀rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Ẹni tí kò mọ ìwé kò mọ ohun tí à ń pè ní lẹ́tà F. Fún ẹni tí ó mọ̀wé pàápàá, ìhun ọ̀rọ̀ èdè wa kò jẹ́ kí ìbéèrè náà rí bákan náà. Fáwẹ́lì ni púpọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá fi ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń fi kọ́ńsónáǹtì bẹ̀rẹ̀. Bí a bá wá ọ̀rọ̀ sí F, fà, fẹ́, fò, fọ̀, fún ni yóò kọ́kọ́ jáde, kí a tó kan fìlà, fèrèsé àti fìtílà. Bẹ́ẹ̀ ni a sì lè ṣe àpètúnpè ẹlẹ́bẹ fún èyíkéyìí nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe náà, kí ó di fífà, fífẹ́, fífò, fífọ̀, fífún. Ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ titun ni wọ̀nyí, tàbí ọ̀rọ̀ kan náà? Ìtumọ̀ tí kò bá dáhùn ìbéèrè yìí yóò jẹ́ kí olùbéèrè méjì fún arúgbó kan náà ní máàkì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Àwọn ìdánwò mìíràn ní kí a dárúkọ ẹranko. Èyí sàn jù, nítorí pé kò gba ìwé. Síbẹ̀ a ní láti ṣọ́ ọ̀rọ̀ wa. Bí olùbéèrè bá wí pé, “Ẹ dárúkọ oríṣiríṣi ẹran”, kò ní í jẹ́ ìyàlẹ́nu bí ìyá bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ṣàkì, ẹ̀dọ̀ àti ìfun. Bí ó bá sì wí pé “ẹranko”, àwọn mìíràn yóò rò pé ti inú igbó nìkan ni, wọn kò ní í ka ewúrẹ́ àti àgùntàn mọ́ ọn, kí á má tilẹ̀ tíì sọ ti ẹyẹ àti ẹja. Ó yẹ kí ìlànà sọ ọ́ ní pàtó pé kí a ka ti ilé, ti igbó, ti omi àti ti òfurufú.

Ti ohùn ni ó ṣe pàtàkì jù lọ. Bí a bá fẹ́ kí arúgbó rántí ohun mẹ́ta, tí a sì fi ọkọ̀ ṣe ọ̀kan nínú wọn, ẹ jẹ́ kí a rántí ọkọ, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀. Etí ọ̀pọ̀ arúgbó ti wúwo. Bí ìyá bá gbọ́ ọkọ́ dípò ọkọ̀, tí ó sì rántí ọkọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, iyè rẹ̀ kò yẹ̀. Etí rẹ̀ ni ó yẹ̀. Ó yẹ kí a yan àwọn ọ̀rọ̀ tí kò ní irú ìbejì bẹ́ẹ̀. A tún rí i pé kò sí àmì ohùn kankan lórí ìwé tí wọ́n fún wa yẹ̀ wò. Olùbéèrè tí ó bá wá láti ẹkùn mìíràn yóò ka “igba” bí ó bá ti tọ́ sí i lẹ́nu. Ìdánwò tí a kọ láìsí àmì ohùn kì í ṣe ìdánwò kan. Bí àwọn tí ó ń kà á bá ti pọ̀ tó ni ìdánwò náà yóò ṣe pọ̀ tó.

Ní ti gbólóhùn àtúnwí, ẹwà ti Gẹ̀ẹ́sì ni pé àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tí kò ní ìtumọ̀ tí a lè dì mú ni wọ́n tò jọ, kí ahọ́n àti etí lè ṣiṣẹ́. Bí a bá tú u ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, yóò di ọ̀rọ̀ tí ẹnì kankan kò lè sọ. Àwọn kan lè dábàá pé kí a fi òwe dípò rẹ̀. A kò fara mọ́ èyí. Bí a bá la ẹnu bẹ̀rẹ̀ òwe, àgbà yóò ti parí rẹ̀ fún wa. Kò tún ohun tí a wí wí, inú ìmọ̀ àtọdúnmọ́dún ni ó ti fà á yọ. Gbólóhùn tí kò ní ìtàn lẹ́yìn, tí ó sì tọ́ ní gírámà, ni a nílò.

Orúkọ àti ọ̀wọ̀

Àwọn ìdáhùn kan wà tí ó dà bí ìgbàgbé, tí ó sì jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ilé ni. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìyá tí a bi pé ọmọ mélòó ni ó bí, tí ó sì dáhùn pé “Wọ́n wà níbẹ̀, Ọlọ́run ń tọ́jú wọn”, kò gbàgbé ọmọ rẹ̀. Ìyàwó kì í sì í pe àwọn ọmọ ọkọ lórúkọ. Bí a bá bi í ní orúkọ àbúrò ọkọ rẹ̀, tí ó ní “Akọ́wé” tàbí “Baba Ṣadé”, orúkọ tí ó fi ń pè é ní ọgọ́ta ọdún ni ó dá yìí, ó sì tọ́ kí a fún un ní máàkì.

Bákan náà, kí ọmọdé ṣàdédé bi àgbà léèrè orúkọ ìlú tí wọ́n wà, ó lè dà bí ìfiniṣẹ̀sín. A gbọ́ tí bàbá kan béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì pé, “Ṣé ìwọ kò mọ ibẹ̀ ni?” Ẹni tí inú bá ń bí kì í dáhùn dáadáa. Ó tọ́ kí a kí àgbà, kí a bi í léèrè àlàáfíà, kí a ṣàlàyé pé gbogbo ènìyàn ni a ń bi ní ìbéèrè wọ̀nyí, pé òmíràn rọrùn, òmíràn sì le, kí a sì tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀. Inú ìwé ìdánwò gan-an ni ó yẹ kí a kọ èyí sí, kí ó má jẹ́ pé ìwà ẹni tí ó ń béèrè ni yóò máa pinnu rẹ̀.

Ẹni tí ìdánwò kò rí mú

Bí ilé-ìwé ti ń fa ẹnì kan sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń bo ẹlòmíràn mọ́lẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ti kọ́ni kí a tó dé ẹnu iṣẹ́ gba 27 nínú 30. Ó yọ 7 kúrò nínú 100 ní èdè Gẹ̀ẹ́sì láìdúró, ó sì kọ gbólóhùn tí ó gún régé. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ wí pé ó ti san gbèsè kan náà lẹ́ẹ̀mejì, pé ó ti ṣìnà lẹ́ẹ̀mẹta ní àdúgbò tí ó ti gbé fún ogójì ọdún. Àwọn ọmọ ní kò sí ohun tí ó ṣe bàbá àwọn, nítorí pé ó ṣì ń ki oríkì ìdílé láìṣì ibì kankan. Ohun tí ó yẹ kí a fi yé gbogbo ènìyàn ni pé ohun tí a ti há sórí láti kékeré lè wà níbẹ̀ sí i lẹ́yìn tí ti àná ti lọ. Oríkì kíkì kì í ṣe ẹ̀rí pé iyè pé.

Iṣẹ́ tí a ti ṣe ní Ìbàdàn

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ rí ìṣòro yìí. Láti ọdún 1992 ni àwọn onímọ̀ ìṣègùn ní Ìbàdàn, àwọn bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, Ògúnníyì àti Báyẹ̀wú, ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí pẹ̀lú Hugh Hendrie, Kathleen Hall àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Àdúgbò Ìdíkàn ni wọ́n ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, tí wọ́n ń bi àwọn tí ó ti pé ọdún 65 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìbéèrè ní èdè Yorùbá. Ìdánwò tí wọ́n lò, Community Screening Interview for Dementia, ni a kọ́kọ́ lò láàárín àwọn Cree ní Manitoba, ní Kánádà, kí a tó mú un bá èdè àti àṣà wa mu. Ọ̀nà méjì ni ó ní: a óò bi arúgbó léèrè, a óò sì bi ẹnì kan tí ó ń bá a gbé léèrè bí ó ti ń ṣe nínú ilé. Ìyàwó olùkọ́ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ìbá ti rí ẹni gbọ́ ọ níbẹ̀.

Ìwọ̀n tí ó ti inú iṣẹ́ yẹn jáde ni gbogbo ayé mọ̀. Nínú ènìyàn 2,494 tí wọ́n wò ní Ìbàdàn, ìpín 2.29 nínú ọgọ́rùn-ún ni àrùn náà wà lára wọn. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí ń gbé nínú ilé wọn ní Indianapolis, ìpín 4.82 ni. Ọdún 1995 ni wọ́n tẹ èsì yìí jáde. A mẹ́nu bà á láti fi hàn bí ọ̀rọ̀ ìtumọ̀ ti wúwo tó. Bí ìbéèrè Yorùbá bá le ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ, tàbí tí ó bá rọrùn jù ú lọ, irú ìfiwéra bẹ́ẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró.

Ní ọdún 2005, Báyẹ̀wú àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún kọ̀wé lórí ìdánwò kan tí wọ́n fi igi ìṣáná ṣe. Dípò kí arúgbó tí kò di kálàmù mú rí máa ya àwòrán, igi ìṣáná ni yóò fi to irú èyí tí a tò hàn án. Ohun tí a ń wọ̀n, èyí tí í ṣe bí ojú àti ọwọ́ ti ń bá iyè ṣiṣẹ́ pọ̀, ṣì wà níbẹ̀. Ilé-ìwé ni wọ́n yọ kúrò. Àpẹẹrẹ rere ni èyí fún gbogbo ẹni tí ń túmọ̀.

Ohun tí ó kù fún wa

Àwọn kan yóò wí pé a ti ní ọ̀nà tí a fi ń yẹ ìtumọ̀ wò: ẹnì kan yóò tú u sí Yorùbá, ẹlòmíràn yóò tú u padà sí Gẹ̀ẹ́sì, bí méjèèjì bá sì bára mu, ó parí. Ọ̀nà náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. “Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún” yóò padà di 86 láìsí àṣìṣe. Ìgbà mẹ́rin ọdún yóò padà di mẹ́rin. Ìtúpadà ń fi hàn pé ọ̀rọ̀ bára mu. Kò fi hàn pé ìṣòro bára mu.

Nítorí náà, a dábàá pé kí ẹgbẹ́ wa yan ìgbìmọ̀ kékeré tí yóò bá àwọn oníṣègùn jókòó, kí a fi àmì ohùn sí gbogbo ìwé, kí a yan ọ̀rọ̀ tí kò ní ìbejì, kí a sì dán ìbéèrè kọ̀ọ̀kan wò lára àwọn arúgbó tí orí wọn pé, tí wọn kò mọ̀wé, ní Èkìtì, ní Ìjẹ̀bú, ní Oǹdó àti ní Ọ̀yọ́, kí a tó fi wọn ẹlòmíràn. Ìbéèrè tí ẹni tí orí rẹ̀ pé kò bá lè dáhùn, ìbéèrè náà ni kò yege. A lè kọ́ ọgbọ́n lára ìdánwò RUDAS tí wọ́n ṣe ní Sydney ní Ọsirélíà, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2004 fún àwọn ènìyàn tí èdè wọn yàtọ̀ síra: ohun tí a fẹ́ rà lọ́jà ni wọ́n ní kí arúgbó rántí, wọ́n sì ń bi í bí yóò ti ṣe sọdá títì tí ọkọ̀ pọ̀ sí.

Kí a sì máa rán àwọn ẹbí létí pé máàkì kì í ṣe ìdájọ́. Etí dídi, ojú tí kò ríran, ọ̀fọ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì, ibà, àìtó èròjà kan nínú ara, tàbí òògùn tí a ń lò lè fa máàkì sílẹ̀, a sì lè wo púpọ̀ nínú wọn sàn. Dókítà ni yóò wádìí èyí.

Àgbálọgbábọ̀

Oṣù Ṣẹẹrẹ ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn. Púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ti dàgbà ju ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lọ kí ọdún náà tó dé, pàápàá jù lọ àwọn obìnrin, ni kò fojú kan ilé-ìwé. Àwọn gan-an ni arúgbó wa lónìí. Bí a bá fi ìdánwò tí ó kún fún ilé-ìwé wọ̀n wọ́n, gbèsè tí wọn kò jẹ ni a ń bi wọ́n. Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ náà béèrè lọ́wọ́ wa nígbà tí a ń lọ bóyá òun yege. A kò rí èsì fún un, nítorí pé kì í ṣe òun ni ó yẹ kí a máa dá lẹ́jọ́ lọ́jọ́ náà. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì ni. Iṣẹ́ wa sì ni láti tún un kọ.